Ọṣẹ Tó Mú Ara Ìyá Yún: Bí Ilé Iṣẹ́ Honest Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 2008, Jessica Alba, òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà, wà nínú oyún àkọ́bí rẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti kó ẹ̀bùn aṣọ ìkókó wá, ó sì fẹ́ fọ̀ wọ́n sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ìyá rẹ̀ ló júwe ọṣẹ tí yóò lò fún un, ọṣẹ ìfọṣọ ọmọdé gan-an, irú èyí tí àwọn ìyá ti ń rà láti ọjọ́ pípẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó fọ aṣọ wọ̀nyẹn tí ara rẹ̀ fi sú, tó ń yún un. Ọmọ kò tíì wọ ẹyọ kan nínú wọn. Ìbéèrè tó wá jókòó sí i lọ́kàn ni pé bí ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ìkókó bá lè ṣe àgbàlagbà báyìí, kí ni yóò wá ṣe ìkókó fúnra rẹ̀?

Inú ara yíyún yẹn ni ilé iṣẹ́ Honest ti jáde, èyí tí Alba àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ láti máa ta ohun èlò ìkókó. Iṣẹ́ ọṣẹ ni èmi náà ń ṣe ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọlọ́mọ tuntun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá da ọṣẹ náà nù, kó ra òmíràn, kọ́rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni Alba ti lo ọ̀pọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ikọ́ fée ń bá a jà, òtútù àyà ń dá a dùbúlẹ̀ léraléra. Kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà tí òun gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ike ọṣẹ, ohun tó sì rí níbẹ̀ ló mú un bínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí òórùn dídùn lè bo ọ̀pọ̀ kẹ́míkà mọ́lẹ̀, nítorí pé òfin gba onílé iṣẹ́ láàyè láti fi àdàlú lọ́fínńdà rẹ̀ ṣe àṣírí. Òfin kẹ́míkà tó wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ọdún 1976 ni wọ́n ti ṣe é. Kẹ́míkà tó lé ní 60,000 ló ti wà lọ́jà kí òfin náà tó dé, òfin sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa bá iṣẹ́ lọ, láìsí ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ olówó tó ń ṣàníyàn jù lèyí. Lọ́dún 1972, ní ilẹ̀ Faransé, pọ́dà ìkókó kan wà tí wọ́n ń pè ní Morhange. Àṣìṣe ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń po pọ́dà náà, èròjà apakòkòrò tó ń jẹ́ hexachlorophene sì wọ inú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọmọ 36 ló kú. Ìdí ọmọ ni wọ́n ń bu pọ́dà yẹn sí, nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìlédìí, ọwọ́ ìyá àti ọwọ́ alágbàtọ́ ló sì ń bù ú, pẹ̀lú ìfẹ́. Mi ò lè kọ gbólóhùn yìí kí n má dúró díẹ̀.

Alba wá àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ó bá Christopher Gavigan pàdé, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn òbí nípa kẹ́míkà inú ilé. Ó tún lọ bá Brian Lee, ọ̀kan lára àwọn tó dá LegalZoom sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ṣe ìwé òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìwé àlàyé ilé iṣẹ́ tó fẹ́ dá sílẹ̀, tó tó ojú ewé 50. Lee kò gbà. Ó ju ọdún kan lọ kí Alba tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú ewé 10 péré ló mú lọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé. Inú àtúnṣe ìwé yẹn ni mo ti rí irú èèyàn tó jẹ́. Gbajúmọ̀ tí gbogbo ayé mọ ojú rẹ̀ gba "rárá," kò bínú lọ, ó jókòó, ó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù. Àwọn mẹ́ta yìí pẹ̀lú Sean Kane ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 2011, ní California. Lọ́dún yẹn kan náà, pẹ̀lú oyún ọmọ kejì nínú, Alba lọ sí Washington láti bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n tún òfin 1976 ṣe.

Oṣù kìíní ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, ohun 17 ni wọ́n sì fi ṣílẹ̀kùn. Pámpásì ló ṣíwájú, àti ìnura tútù ti ìdí ọmọ. Nígbà náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òbí ti ń san owó, tí ẹrù á máa dé ilé rẹ̀ lóṣooṣù. Wọn kì í fi klorínì bó òwú igi tó wà nínú pámpásì wọn, wọn kì í fi lọ́fínńdà sí i, wọ́n sì ń ya àwòrán aláràbarà sí i lára. Síbẹ̀, bí ẹ bá fa pámpásì tó ti kún ya, ẹ ó rí nǹkan kan tó ń dán, tó ń yọ̀ bí ẹ̀kọ tútù tí kò tíì dì tán. Nǹkan yẹn ló ń fa ìtọ̀ mu, ó sì wà nínú tiwọn náà. Láti 17 yìí, owó ọjà wọn tó mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di 2014, ó ti sún mọ́ mílíọ̀nù 150.

Orúkọ àkọ́bí Alba ni Honor, tó túmọ̀ sí ọlá. Honest, olóòótọ́, ló wá pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́ ti fún gbogbo ayé ní òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá ìyá mi ló ń se ọṣẹ fún àwọn ọlọ́mọ tuntun àdúgbò wa ní Kétu. Eérú ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa ẹyìn kúrò lára rẹ̀ ló máa ń lò. Á kó o sínú àjèrè, á bu omi sí i lórí, a óò sì jókòó ti ìkòkò tó wà nísàlẹ̀, tí omi eérú á máa kán tó-tó-tó sínú rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á dà bí àgbo. Á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan orí ahọ́n. Bí kò bá tíì ta tó, a ó tún un dà padà sórí eérú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò gbé e kaná, tí yóò da àdín sí i, tí omorógùn kò sì ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí yóò fi dì. Bó bá tutù tán, kì í tà á lọ́jọ́ yẹn. Á fi fọ inú apá òsì ara rẹ̀, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, á sì dúró di ọjọ́ kejì. Bí apá yẹn bá pọ́n, ọṣẹ náà á padà sórí iná. Mo rántí apá yẹn dáadáa, nítorí èmi ni mo máa ń gbé omi tó fi ń ṣan án.

Kò kọ nǹkan kan sára ọṣẹ rẹ̀. Èèyàn mọ ilé rẹ̀, ó parí. Bí ara ọmọ bá sú, ìyá ọmọ á gbé e pọ̀n wá sẹ́nu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́: "Ìyá, ẹ bá mi wo ara ọmọ yìí."

Ohun tí a ń rà lónìí kò ní ilé tí a mọ̀. Ní ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́, àti ní ọjà Kétu níbí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ìyá ń ra pámpásì, torí pé owó odindi páálí kan kò sí lọ́wọ́. Oníṣòwò á já ọ̀rá rẹ̀, á fa ẹyọ méjì yọ fún ọ, ọ̀rá tí wọ́n kọ ohun gbogbo sí á sì kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ra ẹyọ méjì yẹn kò ní rí ojú lẹ́tà wẹ́wẹ́ kankan láé. Bó bá tilẹ̀ rí i, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni. Alba rí ike tó lè yí padà kó kà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí ìyẹn, ó sì ń dùn mí. Tí a bá lò ó tán ńkọ́? Òfin tí ìjọba Benin ṣe ní ìparí ọdún 2017 lé báàgì ọ̀rá tí kì í jẹrà kúrò, ṣùgbọ́n pámpásì kò sí nínú rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ló ń sùn sí.

Oṣù kẹta ọdún 2016 ni orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro Honest. Ilé iṣẹ́ náà ti kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé kò sí sodium lauryl sulfate nínú ọṣẹ ìfọṣọ òun, èyí tó ń mú ọṣẹ hó yẹ̀rì-yẹ̀rì, tó sì lè mú ara ẹlòmíràn yún. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé ọṣẹ náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì ní àwọn bá a nínú rẹ̀. Honest ní irọ́ ni, pé sodium coco sulfate tó ti ara àgbọn wá ni àwọn lò.

Ibi tí mo ti jókòó rọ àdín sínú ìkòkò ni mo ti lóye ìjà yìí. Epo àgbọn àti àdín jọ ara wọn gan-an. Nǹkan bí ìdajì epo méjèèjì ni ohun tí wọ́n ń pè ní lauric, inú rẹ̀ sì ni lauryl ti ń jáde. Bí o bá fi omi eérú sè é, ọṣẹ ni yóò dà. Bí o bá gbà á ní ọ̀nà ti sulfate, tí o sì lo odindi epo àgbọn, coco sulfate lo ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lauryl yẹn ló ṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúkọ tó wà lára ike ló yí padà. Mi ò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń sú kò bi wọ́n léèrè orúkọ, ohun tí yóò kan awọ ọmọ ló bèèrè. Wọ́n padà yí bí wọ́n ṣe ń po ọṣẹ náà padà, wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 1.55 dọ́là lọ́dún 2017 láti parí ẹjọ́ tó ti ibẹ̀ dìde. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n kó ìnura ọmọ kan padà kúrò lọ́jà nítorí pé ó bu.

Òfin tí Alba lọ bẹ̀bẹ̀ fún ní Washington rí àtúnṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ú. Ìpín ìdókòwò Honest wọ ọjà Nasdaq ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ní dọ́là 16 fún ẹyọ kan. Ní 2024, Alba fi ipò tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí ni mo ti ń lẹ bébà mọ́ ọṣẹ mi. Yorùbá ló wà lójú kan rẹ̀, Faransé lójú kejì: àdín, omi eérú, òrí. Bí ẹni tó fẹ́ rà á kò bá mọ̀wé, mo máa ń kà á fún un kó tó sanwó. Mo sì máa ń gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kó kọ́kọ́ fi wẹ inú apá ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí n kò rí rí gba tirẹ̀ lọ láìra nǹkan kan, mo sì rò pé kò ní padà. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ló dé, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó sì ká apá bùbá rẹ̀ sókè kí n wò ó.