Bí Wọ́n Ṣe Ń Yẹ Ọ̀nà Èémí Ọmọ Wò Lójú Oorun

Ẹni tó bá kọ́ èdè Yorùbá dé ilé ẹ̀kọ́ girama á rántí àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ tí olùkọ́ máa ń yà sára bọ́ọ̀dù: ẹ̀dọ̀fóró nísàlẹ̀, ẹ̀ka kòmóòkun méjì, kòmóòkun fúnra rẹ̀, gògóńgò, tán-án-ná tó wà nínú rẹ̀, káà ọ̀fun. Ibi tí ohùn ń gbà jáde yìí náà ni èémí ń gbà. Bí ọmọ bá ń mí tó ń dún fíì-fíì, bí ohùn rẹ̀ bá há tí kò là, tàbí bí wọ́n bá fura pé ẹ̀pà tó ń jẹ ti gba ọ̀nà òdì, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní láti fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. X-ray nìkan kì í tó, nítorí ẹ̀pà kì í hàn nínú rẹ̀, ọmọ tó sì ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró lè máa ṣeré kiri lẹ́yìn tí ikọ́ àkọ́kọ́ bá rọlẹ̀. Kò sì sí ọmọ tó máa dákẹ́ la ẹnu kí wọ́n ki irin wọ kòmóòkun rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kùn ún lóorun.

Káà ọ̀fun ni ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pàdé. Bí èèyàn bá ń gbé omi mì, ìdérí kékeré kan á bo gògóńgò, tán-án-ná á sì pa dé. Bí ẹ̀kán omi kan bá yà síbẹ̀, tó pá èèyàn lórí, ikọ́ á tì í jáde. Òògùn akunilóorun máa ń kun ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí lóorun pẹ̀lú. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn lásìkò náà, ó lè rú sókè, kó sì ṣàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú omi kíkan inú ikùn, láìsí ikọ́ tó máa dá a dúró. Ọmọ lè tibẹ̀ kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ pé kí ọmọ má jẹun kó tó wọ tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), ibí ló ti wá.

Òfin tó wọ́pọ̀ nìyí nípa wákàtí tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó kun ọmọ lóorun: oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo, wákàtí 6, ọmú ìyá, wákàtí 4, omi lásán, wákàtí 2. Ní Britain, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti gbà kí ọmọdé mu omi títí tó fi ku wákàtí 1 kí wọ́n kùn ún lóorun. Ẹ̀kọ mímu ni òbí sábà máa ń ṣì mú níbẹ̀. Ó ń ṣàn lóòótọ́, àmọ́ oúnjẹ ni. Oúnjẹ ni tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, oúnjẹ ni Bournvita. Ohun tí wọ́n ń pè ní omi lásán ni èyí tí èèyàn lè gba inú ife rẹ̀ wo ìwé ìròyìn kó sì kà á. Ẹ̀bà tí wọ́n ń fún ọmọ gbé mì kó lè ti ohun tó há a lọ lè dá kún ewu: ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà, kò lè kan ohun tó wà ní kòmóòkun, ikùn ló kàn máa kún ṣáájú òògùn oorun.

Ebi àpọ̀jù náà ò dáa, ara ọmọ ọwọ́ tètè máa ń gbẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀. Bí tíátà bá jẹ́ aago 8 àárọ̀, ó yẹ kí ìyá jí fún ọmọ lọ́mú kí aago 4 tó lù. Bí ìyá àgbà bá sì ti fún un ní bísíkíìtì nítorí àánú, kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wọ́n á sún iṣẹ́ náà síwájú ni, àfi tí ọ̀ràn bá jẹ́ kánjúkánjú.

Àwọn nǹkan míì wà tí dókítà akunilóorun gbọ́dọ̀ gbọ́: ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, torí ó ń mú kí tán-án-ná máa há gádígádí, ikọ́ fée (asthma), eyín tó ń mì, torí ẹ̀gbẹ́ eyín ni irin máa gbà kọjá, àgbo tí ọmọ ń mu, ìbátan tí òògùn oorun ti fìyà jẹ rí. Jẹ́nótáìpù ṣe kókó púpọ̀. Ọmọ SS tàbí SC tí òǹgbẹ gbẹ, tí òtútù mú, tàbí tí ọ́síjìn rẹ̀ dínkù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, nítorí náà wọ́n á tètè fa omi sí i lára, wọ́n á sì bò ó kó móoru. Làálì tàbí ọ̀dà èékánná kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́: iná inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ló ń ka ọ́síjìn, ọ̀dà lè ṣì í lọ́nà.

Ní tíátà, dókítà méjì ló ń pín ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo lò. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe, akunilóorun á ki rọ́bà sí kòmóòkun, á sì ráyè. Níbí, ibi tí rọ́bà ìbá wà ni ẹlòmíì fẹ́ wò. Wọ́n á fi ìbòmú fún ọmọ ní afẹ́fẹ́ oorun, tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n á fín òògùn tó ń mú kí ojú ibi tó bá kàn kú tipiri sí tán-án-ná, wọ́n á sì sábà jẹ́ kí ọmọ máa dá mí, kí wọ́n lè rí i bóyá apá méjèèjì tán-án-ná ń ṣí. Lẹ́yìn náà ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà á wọlé, tí àwòrán á máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀ka kòmóòkun ọ̀tún gbòòrò, ó sì tọ́ ju ti òsì lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀pà sábà máa ń bọ́ sí. Ní 1897, ní Freiburg ní Jámánì, Dókítà Gustav Killian fi irú ọgbọ́n yìí yọ egungun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀ka kòmóòkun àgbẹ̀ kan. Dókítà Chevalier Jackson tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà. Ohun tó lé ní 2,000 tó yọ lọ́fun àwọn èèyàn, pín-ìnnì àti bọ́tìnnì àti owó wẹ́wẹ́, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mütter ní Philadelphia dòní.

Bí ọmọ bá ń jí, wọ́n á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó lè máa ké, kó máa ta ẹsẹ̀, kó má dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Èyí máa ń já ìyá láyà, àmọ́ òògùn tó ń kúrò lójú ni, á sì rọlẹ̀ láìpẹ́. Ohùn lè há, kó wúkọ́, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú itọ́ rẹ̀. Kò ní mu nǹkan kan títí òògùn tí wọ́n fín á fi kúrò lọ́fun, bíi wákàtí kan sí méjì. Omi ni wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ sí i lẹ́nu.

Wíwú ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ní ọ̀nà èémí ọmọ tuntun kò ju bíi mílímítà 4 lọ. Bí ògiri ibẹ̀ bá wú ní mílímítà 1 péré yíká, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ààyè tó kù. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fún un ní dexamethasone, òògùn tó ń dín wíwú kù, tí wọ́n sì lè dá ọmọ kékeré dúró sùn mọ́jú.

Nílé, parasẹ́támọ́ọ̀ tí wọ́n fi kílò ọmọ ṣírò ló tọ́, kì í ṣe asipírín. Ẹ̀kọ tó ti lọ wọ́ọ́rọ́ dáa, ata kó dúró ná. Kí ẹnikẹ́ni má rọ ọmọ lágbo tàbí lógì: ọ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú kò lè bá ìkúnwọ́ omi tí wọ́n dà sí i jà.

Lóru, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n gbé ẹ̀wù ọmọ sókè, kí wọ́n wo àyà rẹ̀. Bí abẹ́ ìhà àti kòtò ọrùn bá ń wọlé sínú nígbà tó bá fa èémí, bí èémí bá ń dún, bí ètè tàbí ahọ́n bá ń ṣú, bí ibà bá ga, tàbí tó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ gidi, ọsibítù ni lóru yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́.