Iye ìgbà tí ṣúgà ń kan eyín ọmọ lójúmọ́

Ọmọ kan mu ìgò mínírà kan tán lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Òmíràn ń fa irú ìgò bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, láti Ọ̀shòdì títí dé Ìyànà-Ìpájà. Ṣúgà tí àwọn méjèèjì mu dọ́gba, àmọ́ eyín ẹnì kejì ló máa jìyà jù.

Ohun tí à ń pè ní kòkòrò eyín kì í ṣe ìdin. Bakitéríà ni, ojú lásán ò lè rí i, inú ìdọ̀tí rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń gbé. Bí ṣúgà bá ti dé, á sọ ọ́ di ásíìdì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ásíìdì yẹn á sì máa yọ kálísíọ̀mù lára eyín. Itọ́ ló ń tún un ṣe: á ṣan ásíìdì lọ, á dá kálísíọ̀mù padà. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ọmọ tó ń fa mínírà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kò jẹ́ kí itọ́ ráyè ṣiṣẹ́ rárá. Bísíkíìtì tó há sí eyín ẹ̀yìn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fúlọ́ráìdì, èròjà kan tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ ìfọyín, ń ran itọ́ lọ́wọ́. Ó ń wọnú ibi tí itọ́ ń tún ṣe, ibẹ̀ á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú ásíìdì. Àmì funfun bí ẹfun lára eyín ṣì lè san báyìí. Bó bá ti di ihò, ó ti kọjá agbára rẹ̀.

Ní 1945 ni ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fúlọ́ráìdì sínú omi ẹ̀rọ, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é láyé. Lónìí, mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ibi tí omi ti ń wá láti orísun kan náà ni èyí ti rọrùn. Ní Mushin tàbí Agége, níbi tí ilé yìí ti ń lo kànga-dẹ̀rọ tí ilé kejì ń mu píọ̀ wọ́tà, ta ni yóò wọ̀n ọ́n sí i? Ọṣẹ ìfọyín ló kù tí òbí lè gbọ́kàn lé, èyí tí fúlọ́ráìdì rẹ̀ tó 1000 ppm (ìyẹn mílígíráàmù 1000 nínú kílò ọṣẹ kan), ó kéré tán. Bí hóró ìrẹsì ló tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Bí hóró ẹ̀wà fún ọmọ ọdún 3 sí 6. Kí ọmọ tutọ́ rẹ̀ dànù, kó má fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn náà.

Àárọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé ń fọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí itọ́ máa ń dín kù bí ọmọ bá sùn. Ọmọ tó bá sùn ti ìgò tíì oníṣúgà lẹ́nu, eyín iwájú tòkè ló máa kọ́kọ́ jẹrà. Ahọ́n ló ń bo tìsàlẹ̀.