Bi-mode: Ọkọ̀ ojú irin oníná tó tún ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì

Bí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù bá ń kúrò ní Cardiff lọ sí Swansea ní Wales, ẹni tó bá jókòó sí kóòṣì tí ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ rẹ̀ á gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò kùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Cardiff ni wáyà iná tó wà lókè ojú irin parí sí, dísẹ́ẹ̀lì ló kù tí ọkọ̀ máa jẹ dé Swansea.

Irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní bi-mode. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà bí wáyà bá ti tán. Rárá o. Nínú èyí tí ilé iṣẹ́ Hitachi ṣe fún àwọn ará Bìrìtìkó, iná mànàmáná ló ń yí i nígbà gbogbo. Bí wáyà bá wà, apá irin kan á nà sókè láti orí òrùlé, á kan wáyà, á gba iná 25,000 volt wọlé, tiransifọ́mà á sì dín agbára rẹ̀ kù kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́tọ̀ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí wáyà bá tán, apá yẹn á ká wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí jẹnẹrétọ̀, iná jẹnẹrétọ̀ á sì lọ bá àwọn mọ́tọ̀ kan náà. Ẹni tó bá ní change-over nílé mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: fáànù kan náà ló ń fẹ́, ibi tí iná ti ń wá ló yàtọ̀. Àmọ́ ti ọkọ̀ yìí dùn jù, torí awakọ̀ lè ṣe é lórí eré láì dúró.

Owó ló fà á tí wọ́n fi ń lo irú ọkọ̀ yìí. Àtirì òpó àti wáyà káàkiri ojú irin kì í ṣe kékeré. Ní July 2017, ìjọba Bìrìtìkó fagi lé wáyà tí wọ́n fẹ́ fà láti Cardiff dé Swansea. Ní October ọdún yẹn kan náà ni bi-mode bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Paddington. Ó wúlò lápá ibòmíràn náà. Wáyà ti dé Edinburgh ní Scotland láti 1991, síbẹ̀ títí di 2019, ọkọ̀ tó ń lọ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Inverness ń jó dísẹ́ẹ̀lì lábẹ́ wáyà ọ̀hún, nítorí pé wáyà kò dé Inverness.

Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ọ̀nà àbáyọ pátápátá. Ọkọ̀ kóòṣì 5 gbé ẹ́ńjìnnì 3, ti kóòṣì 9 gbé 5, ẹrù yẹn ò sì kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹ iná. Bó bá wá bọ́ sórí dísẹ́ẹ̀lì, agbára rẹ̀ á dín kù, kì í tètè ki eré mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kódà Class 801, ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ oníná nìkan, ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan lábẹ́, nítorí ọjọ́ tí wáyà bá já.