Ta ló yọ ẹsẹ 37? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ní ó sọnù

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún ti gbòde lórí WhatsApp. Ó ní kí ẹ ṣí Bíbélì tuntun yín sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, kí ẹ wá ẹsẹ 37. Ẹ ó rí 36, ẹ ó rí 38, àárín wọn ṣófo. Ó ní àwọn ọ̀tá ìgbàgbọ́ ló yọ ọ́, pé kí ẹ yára fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kí wọ́n tó yọ ìyókù. Ìbéèrè tó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe kékeré.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹsẹ náà kò sí níbẹ̀?

Òótọ́ ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà.

Kí ló wà nísàlẹ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní, lẹ́tà wínníwínní kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan ní ẹsẹ 37, tó sì kọ ohun tí ẹsẹ náà wí. Olè wo ló ń kó ẹrù lọ tó tún ń to orúkọ ẹrù tó kó sára ògiri?

Kí ló dé tí nọ́ńbà fi fò?

Nítorí pé nọ́ńbà kéré sí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ orí. Pọ́ọ̀lù kò kọ "ẹsẹ 1" rí. Ẹni tí wọ́n sọ pé ó pín Bíbélì sí orí-orí bó ṣe wà lónìí ni Stephen Langton, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Òǹtẹ̀wé ọmọ Faransé kan, Robert Estienne, ló fi nọ́ńbà sí ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Ẹsẹ 37 wà nínú ìwé tó ń tẹ̀, ó sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí àwọn atúmọ̀ òde òní bá tún nọ́ńbà tò, gbogbo ìwé tó ti tọ́ka sí ẹsẹ 38 fún bí irinwó ọdún ó lé ni yóò di irọ́. Wọ́n kúkú fi àlàfo sílẹ̀.

Níbo wá ni ẹsẹ náà ti wá?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ìwé kankan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ṣì wà láyé. Àdàkọ àdàkọ la ní. Ọwọ́ ni wọ́n fi dà á kọ fún nǹkan bí ọdún 1,400 kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé. Ìwé àfọwọ́kọ èdè Gíríìkì tó wà lé ní 5,000, àwọn kan odidi, àwọn kan àjákù tí kò kún àtẹ́lẹwọ́.

Ojú adàwékọ a máa fo ìlà. Nígbà mìíràn, ẹnì kan á kọ àlàyé sí etí ìwé, ẹni tí yóò tún un dà kọ á rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbàgbé ni, á sì gbé e wọ àárín. Nínú Ìṣe 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà béèrè ohun tó dí òun lọ́wọ́ láti ṣe ìrìbọmi. Kò sí ìdáhùn, ó kàn dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó jọ pé ìyẹn kò tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn: ìrìbọmi láìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kẹ̀? Ẹsẹ 37 ló fi ìjẹ́wọ́ náà sí i: ìwẹ̀fà ní òun gbà pé Jésù Kristi ni Ọmọ Ọlọ́run. Ìjẹ́wọ́ náà kì í ṣe tuntun, Irenaeus, olórí ìjọ kan láyé àtijọ́, ti mẹ́nu kàn án ní ọ̀rúndún kejì. Ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ.

Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan, Erasmus, tẹ Májẹ̀mú Tuntun èdè Gíríìkì ní Basel ní 1516, ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì dàgbà ju ọ̀rúndún kejìlá lọ. Etí ìwé ló ti rí ẹsẹ 37. Ó ní àìfarabalẹ̀ àwọn adàwékọ ló jẹ́ kí wọ́n fò ó, ló bá fi í sí àárín. (Erasmus yìí kan náà ni kò rí òpin ìwé Ìfihàn ní Gíríìkì, tó sì túmọ̀ rẹ̀ padà láti inú Látìn. Iṣẹ́ ń kánjú.) Ìran ìwé yìí ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì Ọba James lò ní 1611. Wọn kò ráyè rí Codex Sinaiticus, ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì ti ọ̀rúndún kẹrin, tí ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Tischendorf, ṣàwárí ní ilé àwọn mọ́ńkì lẹ́sẹ̀ òkè Sínáì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Nítorí náà, ìbéèrè àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn dojú délẹ̀. Ta ló fi í kún un ló yẹ kí wọ́n béèrè.

Mátíù 17:21 tó sọ̀rọ̀ àdúrà àti àwẹ̀, tí òun náà fò, ńkọ́? Ṣé wọ́n fẹ́ fòpin sí àwẹ̀ ni?

Ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí àwẹ̀ tó wá gbàgbé Mátíù 6:16 sílẹ̀ kò mọ iṣẹ́ ṣe.

1 Jòhánù 5:7 ńkọ́? Ṣé Mẹ́talọ́kan ti lọ nìyẹn?

Rárá. Erasmus kò fi gbólóhùn "Baba, Ọ̀rọ̀, àti Ẹ̀mí Mímọ́" yẹn sínú ìwé rẹ̀ ní 1516 àti 1519. Wọ́n pariwo lé e lórí, ó fi í sí i ní 1522. Ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan ti fìdí múlẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrin. Mátíù 28:19 sì wà níbi tó wà.

Ṣé Ìgbìmọ̀ Nicaea, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́, ló yan ìwé inú Bíbélì?

Rárá. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n bá lọ síbẹ̀ ní 325.

Ẹnì kankan kò wá yọ ọ̀rọ̀ kúrò rí?

Ó ṣẹlẹ̀. Nínú Bíbélì kan tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1631, "kò" kan ṣoṣo bọ́ lára òfin keje. Ohun tí àwọn èèyàn kà ni "Ìwọ gbọdọ̀ ṣe panṣágà." Ọba bínú, wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn òǹtẹ̀wé náà.

Ìtumọ̀ wo ni kí n máa kà?

Kà méjì pọ̀: èyí tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, àti èyí tó lépa ìtumọ̀. Nínú Ẹ́kísódù 34, ọ̀rọ̀ Hébérù tó sọ pé ojú Mósè ń tàn bá ìwo tan. Jerome, atúmọ̀ Bíbélì láyé àtijọ́, túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn pé ojú Mósè hùwo. Ìdí nìyẹn tí Mósè tí Michelangelo gbẹ́ ní Róòmù fi ní ìwo méjì lórí títí dòní.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Kì í ṣe ẹsẹ tó fò. Ẹsẹ tí wọ́n dá gbé láìwo àkíyèsí rẹ̀ ni. Máàkù 16:18 sọ nípa gbígbé ejò lọ́wọ́. Nínú ìwé àfọwọ́kọ méjì tó lókìkí jù ní ọ̀rúndún kẹrin, ìwé Máàkù parí sí ẹsẹ 8 orí yẹn. Ní Amẹ́ríkà, George Hensley, oníwàásù tó sọ gbígbé ejò nínú ìsìn di ohun tí wọ́n mọ̀ káàkiri, kú ní 1955. Ejò ló bù ú jẹ.

Kí ni kí n ṣe sí àtẹ̀jíṣẹ́ náà?

Má fi ránṣẹ́. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, ya fọ́tò ìsàlẹ̀ ojú ìwé yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹni mẹ́wàá kan náà.