Kí ẹ tó ra bátìrì míì: mọ́tò tó ń kú mọ́jú

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè mí lọ sí Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè ti wà lórí, mọ́tò ò sítáàtì. Tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, á kàn dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì rọ.

"Ọmọ mi, bátìrì kejì rèé láàárín oṣù mẹ́fà. Owó ẹ̀kẹta rèé, bá mi rà á wá ní Gate."

Mo ní, "Ẹ má tíì ná owó yẹn, mà."

Ohun tí ìyá yìí gbà gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa n'Íbàdàn gbà gbọ́: mọ́tò tá a gbé sílẹ̀ lálẹ́ láìṣe nǹkan kan, tí kò wá sítáàtì láàárọ̀, bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ká lọ ra òmíì. Àwọn mẹkáníìkì pàápàá ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí, torí àwọn tí kò lówó tí wọ́n lè fi ṣòfò ló ń jẹ níyà jù.

Bátìrì ò yàtọ̀ sí kèrègbè omi. Tẹ́ ẹ bá pọn ọ́n kún lálẹ́, tẹ́ ẹ wá bá a lófìfo láàárọ̀, nínú kí kèrègbè fúnra rẹ̀ máa jò àti kí ẹnìkan máa dìde lóru mu ún, ọ̀kan ni. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mọ́tò tẹ́ ẹ tì pa ò sùn tán: aago ń ṣiṣẹ́, aláàmù ń ṣọ́nà, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ náà ń mu díẹ̀. Gbogbo wọn pọ̀, kò yẹ kó ju nǹkan bíi 0.05 ámpù lọ, bátìrì tó dáa sì máa gbé ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ gílóòbù búùtù lè máa tàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa búùtù dé. (Ẹ tan fídíò fóònù yín, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ ṣí i, ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ẹnu máa yà.) Súìsì iná bíréèkì lè lẹ̀. Wọ́n lè so tracker, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà, mọ́ ibi tí kò yẹ. Dáyóòdù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) inú alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì, sì lè ti jó, kí iná bátìrì máa gba ibẹ̀ jò lọ ní gbogbo òru.

Ìdí tí ìgbàgbọ́ yìí fi ṣòroó fà tu ni pé bátìrì tuntun máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó kún nígbà tẹ́ ẹ rà á, ó lágbára, ó lè fara da olè yẹn fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Ẹ ó ní a ti yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì mọ́tò ò fẹ́ kí wọ́n máa mu òun gbẹ. Ìgbàkígbà tó bá gbẹ pátápátá, funfun kan á dì mọ́ ara òjé inú rẹ̀, agbára tó lè gbà á sì dín kù. Bó ṣe gbẹ bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, ó bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ ó wá ní bátìrì ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́.

Bátìrì náà máa ń gbó, mi ò jiyàn. Sìpánà 10 kan àti mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná ti tó láti fi mọ èyí tó jẹ́. Ẹ ṣáájì bátìrì kó kún, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n: bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 fóltì. Ẹ yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Nẹ́gẹ́tíìfù ni kẹ́ ẹ yọ o, torí tí sìpánà bá kan ara mọ́tò níbi tẹ́ ẹ ti ń tú pósítíìfù, iná á ṣẹ́ yàà. Rédíò míì á sì béèrè kóòdù tẹ́ ẹ bá so ó padà, kẹ́ ẹ ti ní in lọ́wọ́. Tílẹ̀ bá mọ́ tó já wálẹ̀ sí 12.2 tàbí kó kéré sí i, bátìrì ló ń jò, ẹ lọ ra òmíì. Tó bá ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí, mọ́tò ni olè.

Ti màmá yẹn ò kúrò ní 12.6. Mo wá fi mítà sí àárín bátìrì àti wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tí mo yọ, ní ihò 10 ámpù, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, mo jókòó. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sùn, tẹ́ ẹ bá tètè wò ó, irọ́ lẹ máa rí. Ẹ má sì sítáàtì mọ́tò nígbà tí mítà wà níbẹ̀, fíúsì mítà á jó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì, ó ṣì ń kà 0.6. Mo ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, títí mo fi fa ti rédíò. Ó já sí 0.03 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ wọn ló ra rédíò olójú gbàgẹ̀dẹ̀ yẹn fún wọn. Ẹni tó bá wọn fi sí i so wáyà pupa, tó yẹ kó dúró de kọ́kọ́rọ́, pọ̀ mọ́ wáyà yẹ́lò tó ń gba iná ní gbogbo ìgbà. Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n kò sùn. 0.6 ámpù fún wákàtí mẹ́rìnlélógún jẹ́ 14.4 ámpù-wákàtí, ohun tí bátìrì wọn lè gbà ò sì ju 45 ámpù-wákàtí lọ. Màmá kì í wa mọ́tò kọjá ìpàdé alẹ́ Ọjọ́rú àti ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àìkú. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ti gbẹ.

Mo tú wáyà méjèèjì, mo so pupa síbi tó yẹ, mo fi téèpù wé e. Bátìrì kan náà ló ṣì wà nínú mọ́tò yẹn títí di òní.

Wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Bátìrì àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, èyí tí mo fi lé oníkòńdẹ́mù lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kó dáa, mà."