Merge tó ṣófo: kí ni Git ń fi hàn wá?

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yaba pè mí sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ti da branch rẹ̀, ẹ̀ka tó ti ń dá kọ kóòdù tirẹ̀, pọ̀ mọ́ main, ẹ̀ka gbogbogbòò (ìdàpọ̀ yìí là ń pè ní merge), iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ó wá tẹ `git show` kó lè rí ohun tó wọlé. Orúkọ rẹ̀ jáde, ọjọ́ jáde, àmọ́ kò sí ìlà kóòdù kankan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ mi ti sọnù ni?"

Kò sọnù. Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, tí Linus Torvalds kọ lọ́dún 2005 fún àwọn tó ń ṣe Linux, kì í tọ́jú àyípadà. Bí gbogbo fáìlì ṣe rí lásìkò kan ni commit kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú, pẹ̀lú àmì òbí rẹ̀, ìyẹn commit tó ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí a bá béèrè diff ni Git tó máa gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òbí, tí yóò sì sọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Òbí kan ni commit lásán ní. Merge ní méjì. Èwo ni ká fi ọmọ wé?

Méjèèjì ni `git show` ń fi í wé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ bá gbé imú baba, tó gbé ojú ìyá, Git kò ní nǹkan sọ. Ibi tí ọmọ kò ti jọ baba, tí kò sì jọ ìyá, ibẹ̀ nìkan ló ń fi hàn. Merge àbúrò mi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìjà (conflict, kí ẹ̀ka méjèèjì yí ibì kan náà padà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) kankan kò ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣófo. Mo ní kó tẹ `git diff HEAD^1 HEAD`, tó ń fi merge (HEAD, commit tí a wà lórí rẹ̀) wé òbí àkọ́kọ́ (HEAD^1), main. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo ibi tí ìjà bá ti wà. Ká ní mo sọ owó dispatch láti Yaba sí Ìdúmọ̀tà di 1800 lórí main, ẹnì kejì mi sọ ọ́ di 2000 lórí branch tirẹ̀, tí a wá fẹnu kò sí 1900 nígbà ìdàpọ̀. Ohun tí ẹ máa rí nìyí:

```
- idumota = 1800
 -idumota = 2000
++idumota = 1900
```

Òpó àmì méjì ló wà níwájú ìlà. Ti òbí àkọ́kọ́ ni òpó òsì, ti òbí kejì ni òpó ọ̀tún. Ìlà kìíní wà lọ́dọ̀ òbí àkọ́kọ́, kò sí nínú ọmọ mọ́; ìkejì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kejì. `++` ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù, torí ìlà yẹn kò ti ọ̀dọ̀ òbí kankan wá. Ọwọ́ ẹni tó ṣe merge ló ti jáde.

Ṣùgbọ́n ká ní 1800 tèmi ni mo mú, tí mo da 2000 nù ńkọ́? Ọmọ ti jọ òbí kan pátápátá nìyẹn. `git show` á tún ṣófo. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí: mo mú fáìlì tèmi lódindi nígbà ìjà, àtúnṣe tí ẹnì kejì mi fara balẹ̀ ṣe sí owó Ajah sì wọmi. A wo `git log -p`, tó ń to àwọn commit pẹ̀lú diff wọn, kò sọ nǹkan kan, torí kì í fi diff merge hàn bí a kò bá ní kó ṣe é. Oníbàárà ló pè wá. Ó dùn mí gan-an, nítorí iṣẹ́ ẹlòmíì ni mo sọ nù, kì í ṣe tèmi.

Láti Git 2.36, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ohun tó ń tú irú èyí síta ti wà: `git show --remerge-diff`. Git fúnra rẹ̀ á tún merge náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, á jẹ́ kí ìjà náà wáyé pẹ̀lú àwọn àmì `<<<<<<<` rẹ̀, á wá fi ohun tó rí wé ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀. 2000 tí mo dà nù á hàn kedere. Ní ọ́fíìsì wa báyìí, merge tí ìjà bá wà nínú rẹ̀ kì í kọjá kí ẹnì kejì tó fi àṣẹ yìí wò ó.