Béèlì lẹ́yìn ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n

Bí adájọ́ bá ti ka ọdún ẹ̀wọ̀n tán, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Lọ́yà, onídùúró mélòó ni wọ́n fẹ́?" Àánú wọn a máa ṣe mí, torí béèlì tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Kí ìdájọ́ tó dé, abala 36(5) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka afurasí sí aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Tí kóòtù bá ti ní ó jẹ̀bi, ààbò yẹn ti bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kù tí yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ tòun ṣàrà ọ̀tọ̀.

Láìpe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kò sí béèlì kankan láti tọrọ. Ọjọ́ 90 láti ọjọ́ ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ni òfin fún yín láti pe ẹjọ́ náà. Kóòtù tó dá ẹjọ́ náà lẹ ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ fún béèlì. Bó bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn.

Àìsàn wà lára ohun tí adájọ́ máa ń wò, àmọ́ ìwé dókítà tó kàn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú kò tó. Kí dókítà tó mọ àrùn náà dunjú kọ orúkọ rẹ̀ àti ìtọ́jú tó nílò, kó sì sọ ìdí tí ilé ìwòsàn inú ọgbà ẹ̀wọ̀n kò fi lè ṣe é.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀wọ̀n kúkurú. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó rán Olóyè Bode George lẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ó ṣe é tán, pẹ̀lú ìdínkù tí ọgbà ẹ̀wọ̀n máa ń fún ẹlẹ́wọ̀n, ó jáde lóṣù Kejì ọdún 2011. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó wá dá a láre. Ta ni yóò dá àwọn oṣù yẹn padà fún un? Nítorí náà, bí ẹ̀wọ̀n náà bá lè parí kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kí lọ́yà yín ṣírò rẹ̀ síwájú adájọ́, ní oṣù dé oṣù. Bí kóòtù àkọ́kọ́ kò bá sì ní agbára lórí ẹjọ́ náà rárá, ìyẹn náà jẹ́ ìdí tó lágbára láti tọrọ béèlì.

Ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún, mi ò ní tan ẹbí rẹ̀ jẹ: ó ṣòro púpọ̀.

Lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé kóòtù fún ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀. Kí ẹ sì mọ èyí kí onídùúró tó fọwọ́ síwèé: ọjọ́ tí ẹlẹ́wọ̀n bá fi wà nílé lórí béèlì kì í sí lára ẹ̀wọ̀n. Bí ó bá pàdánù ẹjọ́ náà, yóò padà lọ ṣe èyí tó kù.